Àfi-Èmi àti Ìwé Tí Kò Lámì

Ẹ bá mi wá àyè jókòó, ẹ̀yin òǹkàwé, torí ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í fi àyè sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Òun ni ọ̀gá àgbà tó ń bójú tó ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́rìnlá lágbègbè kan, kò sì sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá tí àwòrán rẹ̀ kò sí lára ògiri. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú fáìlì. Orúkọ tí àwọn olùkọ́ sọ ọ́ ni Àfi-Èmi, torí kò sí ohun rere táyé ṣe tí kò ní sọ pé, "Ta ló tún lè ronú irú ẹ̀? Àfi èmi." Bí òjò bá rọ̀ tí koríko hù ní pápá ìṣeré, Àfi-Èmi á ní òun ti rò ó tẹ́lẹ̀.

Kì í gba "ẹ káàárọ̀" lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ó ní ẹni tó ń gbálẹ̀ náà ń gba "ẹ káàárọ̀", kí ni ìyàtọ̀ wá jẹ́? Ó ṣe ìkíni tuntun fún ara rẹ̀. Bó bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ọ́fíìsì á dìde, wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ẹ kú ọgbọ́n o." Òun á dáhùn pé, "Ó ń ṣàn." Igbákejì rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀-náà-ni, á wá fi tirẹ̀ kún un: "Ó tilẹ̀ ń kún àkúnya, sà." Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí iṣẹ́ tiyín bá wà lọ́wọ́ irú èèyàn bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà á gbọ́ bí ọgbọ́n ṣe ń ṣàn.

Atẹ̀wé kan wà ní ọ́fíìsì yìí, obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ yá, tó sì fẹ́ràn kí iṣẹ́ gún. Ẹ̀rọ tó fi ń tẹ̀wé kò lè tẹ àmì ohùn, nítorí náà, bó bá ti tẹ ìwé tán, á mú bírò tẹ́ẹ́rẹ́, á fi ọwọ́ fi àmì sí ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí dé ìlà tó kẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan Àfi-Èmi gbé ìwé bẹ́ẹ̀ sókè sí ojú fèrèsé.

"Kí ni gbogbo ìgbẹ́ eṣinṣin yìí?"

"Àmì ohùn ni, sà."

"Ohùn ta ni?"

"Ohùn ọ̀rọ̀ ni, sà."

"Nínú ọ́fíìsì yìí, ohùn ẹyọ kan ló wà," ni Àfi-Èmi wí, ó sì fi ìka gún àyà ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti di òfin pé ìwé kankan kò gbọdọ̀ ní àmì mọ́, títí kan àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà. Ó ní ìwé ọ̀gá gbọ́dọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀-náà-ni ní ojú òun ti là, ìwé náà ń dán. Ó dun atẹ̀wé, ṣùgbọ́n ó gbé bírò rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀, ó sì ń tẹ ìwé lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni olùkọ́ ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ àárín ìlú. Inú ilé kan náà làwọn méjèèjì ń gbé pẹ̀lú ìyá wọn, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n ló ń kán oògùn sí ìyá lójú. Àbúrò kò lè ṣe é. Ọwọ́ tó ń sáré lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yẹn, gbígbọ̀n ló máa ń gbọ̀n bó bá ti súnmọ́ ojú èèyàn.

Ní Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé, ẹ̀gbọ́n yìí àti àwọn olùkọ́ bíi mẹ́wàá láti ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin máa ń pàdé ní yàrá iṣẹ́ káfíńtà, láàárín ẹsẹ̀ tábìlì tí kò tíì ní orí. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ mú ẹ̀kọ́ kan tó fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ wá. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ mú tirẹ̀ wá. Gbogbo kíláàsì rẹ̀ ló gbà pé ìdá kan nínú mẹ́jọ tóbi ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, torí pé mẹ́jọ ju mẹ́rin lọ. "Mo ṣàlàyé títí ọ̀fun mi gbẹ," ló wí. Ìyá àgbà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní, "Má ṣàlàyé mọ́. Fún wọn ní bébà, kí wọ́n máa ká a sí méjì-méjì, kí wọ́n máa wo bó ṣe ń kéré." Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mẹ́ta nínú wọn tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n wọ kíláàsì, wọ́n jókòó sẹ́yìn, wọ́n ń wo ojú àwọn ọmọ bó ṣe ń là. "Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà," ni ìyá àgbà náà wí nígbà tí wọ́n jáde. Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀, ó sì dé etí olú ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ kó tó dé etí Àfi-Èmi.

Lẹ́tà ló gbé e dé tábìlì rẹ̀. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé lágbègbè rẹ̀, àwọn olùkọ́ ń kọ́ ara wọn ní iṣẹ́, alábẹ̀wò àgbà sì ń bọ̀ wá wò ó ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Inú bí Àfi-Èmi lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọ́kọ́ bínú pé wọ́n ṣe nǹkan láìsọ fún òun, ó sì tún bínú pé nǹkan náà dára.

"Ta ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?" ló bi Bẹ́ẹ̀-náà-ni.

"Olùkọ́ ìṣirò kan ni, sà, ní àárín ìlú."

"Mo ní ta ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́ gan-an, sà."

Bí wọ́n ṣe yanjú ìyẹn tán, ó pe atẹ̀wé. Ìwé méjì ló fẹ́ kó tẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìwé tó gbé olùkọ́ ìṣirò yẹn kúrò ní àárín ìlú lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀yìn odò, níbi tó jẹ́ pé ìrìn ọjọ́ kan ààbọ̀ ni. Ó ní orí méjì kì í gbé abẹ́ fìlà kan. Kò ní tíì fọwọ́ sí i o. A ṣì nílò obìnrin náà fún àbẹ̀wò. Bó bá di ọjọ́ Ẹtì, tí àlejò bá ti padà, ìgbà náà ni yóò fọwọ́ sí i.

Ọwọ́ atẹ̀wé dúró. "Ọ̀gá, ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kó jẹ́ ìwọ ni wàá tẹ̀ ẹ́. Ìròyìn tó bá ti ọwọ́ ará ilé ẹni wá kì í dun èèyàn púpọ̀."

"Ìyá wa ò ríran dáadáa, sà. Òun ló ń bá wọn kán oògùn."

"Ẹ̀yin méjì lẹ wà nílé, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Kí ni ì bá ṣe? Bí a bá ń sunkún, à máa ríran, ó sì ríran dé orí ìwé kejì, èyí tó fẹ́ lọ sí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Àfi-Èmi dìde kó tó pe ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ síta, ó di ọwọ́ mú lẹ́yìn, ó ń rìn káàkiri yàrá bí ẹni pé ayé ń dúró de òun lẹ́nu ọ̀nà. "Kọ ọ́ pé: Èmi, tí mo ronú nígbà tí ẹ sùn. Èmi, tí ìrònú mi kò mọ ìsinmi. Mo ti dá ìfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin olùkọ́. Ẹni tó bá bi yín, ẹ sọ pé èmi ni." Àwọn gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kún ojú ewé kan gbáko. Ìlà kan péré ló ní iṣẹ́ nínú, bó sì ṣe jáde nìyí: *Lati ojo Aje ti n bo, ki oluko kookan ko oluko egbe re niwaju awon omo, ki o si ko o daadaa.*

Atẹ̀wé wò ó, ó tún un wò. "Ọ̀gá, ẹ dákun, 'ko' yìí, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n lè gbà kà á. Ẹ jẹ́ kí n fi àmì sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan yẹn nìkan."

"Ẹni tó bá mọ̀ mí," ni Àfi-Èmi wí, "á mọ ohùn mi." Bẹ́ẹ̀-náà-ni pàtẹ́wọ́ fún gbólóhùn yìí títí ọwọ́ fi ta á. Ìwé náà lọ.

Ọjọ́bọ̀ pé. Alábẹ̀wò àgbà dé, obìnrin kúkúrú kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ, tó gbé àpò aṣọ kọ́ èjìká. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ABD kí wọ́n tó fà á lọ sí olú ilé-iṣẹ́. Àfi-Èmi fi ogójì ìṣẹ́jú kí i káàbọ̀. Ó ní kí oòrùn tó yọ lágbègbè yìí, ó máa ń kọ́kọ́ wá béèrè lọ́wọ́ òun. Màmá alábẹ̀wò gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ẹ ṣé. Ẹ jẹ́ ká lọ wo àwọn olùkọ́." Wọ́n kó sínú ọkọ̀. Wọ́n ní kí atẹ̀wé náà bọ́ sẹ́yìn, kó máa kọ ìyìn sílẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ orí òkè ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀ àti igbákejì rẹ̀ kò tíì bára wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún méjì, lórí ẹni tó yẹ kó máa lu aago. Ní tiwọn, kíkọ̀ ni wọ́n ka ọ̀rọ̀ náà sí, inú wọn sì dùn pé ìjọba ti gbọ́ ẹjọ́ wọn. Àwọn méjèèjì dúró níwájú àwọn ọmọ tó tò lọ bẹẹrẹ.

"Mo kọ̀ yín," ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wí, "ní ti ọ̀rọ̀ aago, ní ti àkàbà tí ẹ yá tí ẹ kò dá padà, àti ní ti bí ẹ ṣe ń wúkọ́ bí mo bá ń gbàdúrà."

"Èmi náà kọ̀ yín," ni igbákejì fèsì, "mo sì kọ̀ yín dáadáa, gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe wí."

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, olùkọ́ kíláàsì kìíní di ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ lọ́wọ́ mú, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ má bínú sí mi o. Ìwé ló ní kí n kọ̀ yín."

"Ìpele àkọ́kọ́ nìyẹn," ni Àfi-Èmi yára wí fún màmá alábẹ̀wò. "Wọ́n á kọ́kọ́ kọ ara wọn ná." Ó sì ní kí ọkọ̀ máa lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀bá ọ̀nà, kíkọ sínú ìwé ni wọ́n kà á sí. Olùkọ́ méjì ló wà níwájú kíláàsì kọ̀ọ̀kan, wọ́n dojú kọra wọn lórí àga, oníkálukú gbé ìwé lé itan. Màmá alábẹ̀wò tọrọ ìwé ọ̀kan nínú wọn, ó kà á sókè: "Agogo mẹ́sàn-án: ó ń kọ mí. Agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún: ó ṣì ń kọ mí. Agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá: ó sín, kò sì kọ ọ́ sílẹ̀." Láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sùn lórí ìjókòó láìṣubú.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kẹta, ẹ wo pápá, àwọn ọmọ ló kún ibẹ̀ bí eéṣú, kò sí olùkọ́ kan láàárín wọn. Ìyáàfin ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà jáde wá, kọ́kọ́rọ́ ń fì lọ́rùn rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, sà. Mo ti kó wọn. Méjìdínlógún ni wọ́n, wọ́n pé. Inú yàrá ìkówèésí ni mo kó wọn sí. Ṣé ẹ fẹ́ kà wọ́n?"

"Ta ló ní kí ẹ kó wọn?" ni Àfi-Èmi bi í, òógùn sì ti dé ọrùn ẹ̀wù rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ tún ní kí n kó wọn dáadáa." Ó nawọ́ ìwé náà sí i, àwòrán Àfi-Èmi sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lókè rẹ̀.

Kò ní ibi tó lè sá sí mọ́, ó bá yíjú sẹ́yìn ọkọ̀. "Atẹ̀wé yìí ni. Òun ló tẹ̀ ẹ́, òun ló fi àmì sílẹ̀. Mo ti ń fura sí i tipẹ́." Atẹ̀wé rí ara rẹ̀ nílé láìníṣẹ́, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn odò, ó rí ìyá wọn tó gbójú sókè tí kò sẹ́ni tó máa kán oògùn sí i.

Màmá alábẹ̀wò gba ìwé náà. Ó wò ó, ó wo atẹ̀wé, ó wo Àfi-Èmi. Ó fi ìka pa ìwé náà lára pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ó mà mọ́ o," ló wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, mi ò tíì rí ìwé tó mọ́ tó báyìí. Kò sí àmì lórí, kò sí àmì lábẹ́. Ọlọ́gbọ́n wo ló ronú irú nǹkan báyìí?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ikọ́ bá gbé e lásìkò yẹn, ìbá bọ́. Bí eṣinṣin bá kó sí i lẹ́nu, ìbá bọ́. Bẹ́ẹ̀-náà-ni tilẹ̀ fà á láṣọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti yìn ín, kò sì sí oògùn ìyìn. Àfi-Èmi na ọrùn, ó gún àyà, ó ní, "Ta ló tún lè ronú irú ẹ̀? Àfi èmi."

"Mo gbọ́," ni màmá alábẹ̀wò wí. Ó ká ìwé náà, ó fi í sínú àpò rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n dé yàrá iṣẹ́ káfíńtà. Màmá alábẹ̀wò jókòó sórí àpótí kan, òun náà sì mú ẹ̀kọ́ tó fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà èwe rẹ̀ wá, gbogbo wọn yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rẹ́rìn-ín sí i dáadáa. Nígbà tó kan Àfi-Èmi, ó ní ẹ̀kọ́ kankan kò fọ́ mọ́ òun lọ́wọ́ rí, ó sì lọ jókòó sínú ọkọ̀ nítorí eruku pákó.

Ọjọ́ Ẹtì mọ́. Àfi-Èmi ti ṣí bírò láti fọwọ́ sí ìwé tó gbé ẹ̀gbọ́n lọ nígbà tí ìránṣẹ́ olú ilé-iṣẹ́ kan ilẹ̀kùn. Lẹ́tà tó mú wá mọ́ tónítóní. Wọ́n kọ síbẹ̀ pé nítorí ọ̀wọ̀ tí àwọn ní fún òfin ọ̀gá, àwọn kò fi àmì kankan sí i. *A ti ye ise yin wo finnifinni. A ri i pe oye nikan lo ku ti e ko tii ni. Ki e wa si olu ile-ise ni ojo Aje lati wa gba oye.*

"Oyè," ni Àfi-Èmi wí, ó sì jókòó pẹ̀sẹ̀. "Oyè nìkan ló kù tí n kò tíì ní. Wọ́n rí i."

"Ó ti yẹ kí wọ́n rí i tipẹ́, sà," ni Bẹ́ẹ̀-náà-ni wí.

Ó gbé lẹ́tà náà fún atẹ̀wé kó kà á sí etí gbogbo ọ́fíìsì. Atẹ̀wé kọ́kọ́ fi ojú kà á. Ó dé ibi ọ̀rọ̀ kan yẹn, ó dúró. "Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ kan wà níbí tó yẹ ká fi àmì sí ká tó..."

"O tún ti gbé e dé," ni Àfi-Èmi wí, ó sì gba lẹ́tà náà padà. Ẹ jẹ́rìí sí i pé obìnrin yìí ti ṣe tirẹ̀. Ìgbà yìí ni Àfi-Èmi dé bírò rẹ̀. Ó ní òun kò ní fọwọ́ sí ìwé bí èèyàn lásán nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí òun joyè. "Gbé ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ dání lọ́jọ́ Ajé. Níbẹ̀ gan-an ni n ó ti fọwọ́ sí i, n ó sì kọ oyè mi sí abẹ́ rẹ̀."

Ọkọ̀ méjì ni wọ́n gbé lọ. Agbádá tuntun ni Àfi-Èmi wọ̀, ó sì ti fi odindi ọjọ́ kan kọ́ bí yóò ṣe tẹ̀ síwájú díẹ̀, kó má tẹ̀ jù. Àwọn akọ̀wé mẹ́fà tí Bẹ́ẹ̀-náà-ni kọ́ lórin tẹ̀lé e. Wọ́n júwe yàrá kẹsàn-án fún wọn, ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Tábìlì kéékèèké ló wà níbẹ̀, pẹ́ńsù kọ̀ọ̀kan lórí wọn, àti àwọn ọ̀gá agbègbè mẹ́fà mìíràn tí oníkálukú wọn tẹjú mọ́ itan ara rẹ̀. Orin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìlà kejì nígbà tí màmá alábẹ̀wò yọjú, ẹfun ìkọ̀wé wà lápá ẹ̀wù rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀."

Àfi-Èmi gbójú sókè wo pátákó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: ÒYE.

"Kí ni ìlà wíńtín orí rẹ̀ yẹn?" ló béèrè, ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀.

"Òun ló yà á sọ́tọ̀ sí èyí tí ẹ wá gbà," ni màmá alábẹ̀wò wí. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ fún ọmọ kíláàsì kìíní. "Oṣù mẹ́ta la ó lò níbí. Lẹ́yìn náà, ẹ ó gba kíláàsì kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ àárín ìlú, ọmọ márùndínlógójì. Ẹ̀yin ṣì ni ọ̀gá títí di ìrọ̀lẹ́ òní. Ẹlòmíràn ló máa jókòó sórí àga yẹn lọ́la."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni," ni igbákejì rẹ̀ wí láti ẹnu ọ̀nà, torí ó ti mọ́ ọn lẹ́nu. Ó wá ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ó kó àwọn akọrin jọ, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ wádìí ẹni tí ń jẹ́ ẹlòmíràn náà.

Màmá alábẹ̀wò ní kí Àfi-Èmi dìde, kó sọ ẹ̀kọ́ kan tó fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní kò sí. Màmá ní kò burú, àwọn á dúró. Wọ́n dúró. Agbádá náà ń gbóná lára rẹ̀. Ó wo àwọn ọ̀gá mẹ́fà, kò sẹ́ni tó kí i kú ọgbọ́n. Ó wá ní, "Mo kọ ìwé kan."

"Ó fọ́?"

"Ó fọ́ yángá. Mo ní kí wọ́n kọ́ ara wọn. Wọ́n kọ ara wọn, wọ́n kọ nípa ara wọn, wọ́n kó ara wọn pamọ́."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ níwájú, ó dé ẹ̀yìn. Ọ̀gá agbègbè tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nu ojú, ó fa àga súnmọ́ ọn. "Tèmi burú jù bẹ́ẹ̀ lọ," ló wí. "Jókòó, ká jọ wò ó." Àfi-Èmi jókòó. Atẹ̀wé, tó dúró ti ògiri, rí i pé àánú ọkùnrin náà ń ṣe òun, ó sì yà á lẹ́nu, torí kò tíì dárí jì í.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, Àfi-Èmi yíjú sí i. "Ìwé yẹn, ṣé o gbé e dání?"

Ìrọ̀lẹ́ kò tíì lẹ́; ó ṣì lè fọwọ́ sí i. "Mo gbé e dání, sà."

Ó gbà á, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì kékeré náà, ó mú pẹ́ńsù, ó tún gbé e sílẹ̀. "Ilé-ẹ̀kọ́ àárín ìlú tí wọ́n ní kí n lọ yìí, ṣé ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ wà?"

"Ibẹ̀ ni, sà."

"Òun ni wọ́n ń lọ bá bí ẹ̀kọ́ bá fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́?"

"Òun ni, sà. Ní Ọjọ́bọ̀."

Àfi-Èmi dà bí ẹni ń ka ọmọ márùndínlógójì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Bí mo bá wá gbé e lọ sí ẹ̀yìn odò," ló wí, "ta ni yóò kọ́ èmi?"

Ó na ìwé náà padà sí atẹ̀wé. "Bá mi fà á ya," ló wí, ó tún ronú díẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà."

Atẹ̀wé kò gbọ́ ìyẹn dáadáa; ariwo ìwé tó ń ya lọ́wọ́ rẹ̀ ti bò ó mọ́lẹ̀.